Orí Kẹfà: Wáyà Kan Láàárín Kọ̀ǹpútà Méjì

Ọ̀nà tó kúrú jù láti kó fáìlì láti inú kọ̀ǹpútà kan sínú òmíràn ni kí a na wáyà láti ara èkíní dé ara èkejì, láìsí ráútà, láìsí suwíìṣì, láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó bá dán an wò máa ń rò pé gbàrà tí iná kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò wáyà bá ti ń ṣẹ́jú, iṣẹ́ ti parí. Wọ́n á wá kọ̀ǹpútà kejì títí, wọn kò ní rí i, wọ́n á sì di ẹ̀bi ru wáyà. Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú orí yìí ni pé wáyà kò lè dá so kọ̀ǹpútà méjì pọ̀ àfi bí àdéhùn mẹ́ta bá wà lórí rẹ̀: ojú wáyà wo ni kálukú yóò fi sọ̀rọ̀, èwo ni yóò sì fi gbọ́, orúkọ wo ni kálukú ń jẹ́, kí sì ni ẹnì kan láṣẹ láti mú nínú ẹrù ẹnì kejì. Nínú nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ilé-iṣẹ́ tàbí ti yunifásítì, ẹ̀rọ mìíràn ló ń bá wa ṣe púpọ̀ nínú àdéhùn wọ̀nyí, nítorí náà a kì í fiyè sí wọn. Bó bá wá ku kọ̀ǹpútà méjì péré, kò sí alágbàtà mọ́. Àwọn fúnra wọn ni yóò ṣe é, tàbí àwa tí a jókòó tì wọ́n. Ìdí nìyí tí ìsopọ̀ tó kéré jù lọ yìí fi jẹ́ ibi tó dára jù láti kọ́ bí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ṣe ń ṣiṣẹ́, tó sì tún jẹ́ irinṣẹ́ tí kò tíì dogbó.

Àdéhùn kìíní: ta ni ń sọ, ta ni ń gbọ́

Ìṣòro yìí ti wà kí kọ̀ǹpútà tó dé ilé àwọn ènìyàn. Ọdún 1960 ni ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ẹlẹ́kítíróníìkì ní Amẹ́ríkà gbé ìlànà RS-232 jáde, kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tàbí ẹ̀rọ ìkọ̀wé tó jìnnà lè máa bá módẹ́ẹ̀mù sọ̀rọ̀. Ìlànà náà gbà pé ipò àwọn méjèèjì kò dọ́gba: ojú wáyà tí ọ̀kan fi ń sọ̀rọ̀ ni èkejì fi ń gbọ́. Nígbà tí àwọn ènìyàn fẹ́ fi ìlànà kan náà so kọ̀ǹpútà mọ́ kọ̀ǹpútà, wọ́n rí i pé ipò kan náà ni àwọn méjèèjì ka ara wọn sí. Wáyà tó lọ gbọọrọ gbé ẹnu ko ẹnu, ó sì gbé etí ko etí, nítorí náà kò sí ẹni tó gbọ́ ohunkóhun. Ojútùú rẹ̀ kò ná ni lówó púpọ̀: wọ́n yí wáyà kejì àti ìkẹta po, kí ẹnu ọ̀kan lè bọ́ sí etí èkejì. Irú wáyà bẹ́ẹ̀ ni ètò LapLink lò ní àwọn ọdún 1980, Microsoft náà sì fi ètò Interlnk kún MS-DOS 6 ní 1993 fún iṣẹ́ kan náà. Bíìtì 115,200 ni irú ìsopọ̀ yìí máa ń gbé láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan bó bá sáré dé góńgó. Bíìtì mẹ́wàá ni báìtì kan ń gbà lójú wáyà náà, nítorí pé ọ̀kan ń kéde ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀kan sì ń kéde òpin. Èyí já sí báìtì 11,520 láàárín ìṣẹ́jú àáyá, tó fi jẹ́ pé ohun tó wà lórí díísìkì pẹlẹbẹ onímẹ́gábáìtì 1.44 yóò gba nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì.

Ethernet gba ọ̀nà mìíràn, ṣùgbọ́n ó padà bá ìbéèrè kan náà pàdé. Robert Metcalfe àti David Boggs ló ṣẹ̀dá rẹ̀ ní 1973 ní ibùdó ìwádìí Xerox ní Palo Alto, ní California. Wáyà nínípọn kan ṣoṣo ni gbogbo kọ̀ǹpútà jọ ń lò nígbà náà, wọ́n sì ń dúró de ara wọn kí ẹnì kan tó sọ̀rọ̀. Nígbà tó di 1990, ìlànà tuntun jáde tó fàyè gba wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a lọ́ ní méjìméjì, irú èyí tí a ń lò di òní. Ìlànà yìí ya ọ̀nà ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀nà ìgbọ́: ojú kìíní àti ìkejì ni kọ̀ǹpútà fi ń sọ̀rọ̀, ojú ìkẹta àti ìkẹfà ló fi ń gbọ́. Suwíìṣì yí tirẹ̀ padà, nítorí náà wáyà gbọọrọ tó láàárín òun àti kọ̀ǹpútà. Bí a bá yọ suwíìṣì kúrò, àfi kí a yí wáyà fúnra rẹ̀ po. Àwọn tó ń ṣe wáyà mọ̀ ọ́n dáadáa: wọ́n á to àwọ̀ wáyà ní ìtò T568A ní orí kan, wọ́n á tò ó ní ìtò T568B ní orí kejì, kí wáyà aláwọ̀ ewé àti aláwọ̀ ọsàn lè gba ipò ara wọn.

Àtakò kan yóò yọjú níhìn-ín: kí ló dé tí a fi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní wáyà yíyípo nígbà tí kọ̀ǹpútà òde òní kò béèrè fún un? Òótọ́ ni pé àwọn ẹnjiníà ilé-iṣẹ́ Hewlett-Packard ti ṣẹ̀dá ọgbọ́n kan, tí a ń pè ní Auto MDI-X, tí ihò wáyà fi ń yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀ bóyá ẹnu ko ẹnu, tó sì ń yí ara rẹ̀ padà. Ó tó kí ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà méjèèjì ní in. Òótọ́ ni pẹ̀lú pé ìlànà onígígábíìtì kan tó jáde ní 1999 ń lo méjìméjì wáyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì ń sọ, ó sì ń gbọ́, lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ohun tí èyí fi hàn ni pé àdéhùn náà ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe wáyà, ó ti wọ inú ẹ̀rọ, kò parẹ́. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kò ní mọ ìdí tí kọ̀ǹpútà àtijọ́ méjì fi kọ̀ láti ríra wọn. Kò sì ní mọ ìdí tí wáyà tí ojú mẹ́rin péré nínú mẹ́jọ rẹ̀ ṣì mọ́nú fi ń sáré ní ìdá mẹ́wàá agbára rẹ̀, tàbí tí kò fi ṣiṣẹ́ rárá.

Ẹ̀rí tó fìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀ jù ni ti USB. Bí a bá ra wáyà USB tí orí rẹ̀ méjèèjì fẹ̀ bákan náà, tí a sì kì í bọ inú kọ̀ǹpútà méjì, fáìlì kan kò ní kọjá. Bàbà wà nínú rẹ̀, iná sì ń gba inú rẹ̀, àmọ́ ìlànà USB látilẹ̀wá ti pín ipò: ọ̀kan ni ọ̀gá tó ń pàṣẹ, èkejì ni ẹ̀rọ tó ń jẹ́ ìpè. Kọ̀ǹpútà méjèèjì ka ara wọn sí ọ̀gá. Èyí tó burú jù ni pé àwọn méjèèjì ń ti iná fọ́ọ̀tì márùn-ún síta, èyí tó lè ba ihò wọn jẹ́. Wáyà USB tí a ṣe fún kíkó fáìlì láàárín kọ̀ǹpútà méjì máa ń ní ẹ̀rọ kékeré kan láàárín, tó ń ṣe ọmọṣẹ́ fún apá méjèèjì. Nínú Thunderbolt àti USB4, àdéhùn pé kọ̀ǹpútà lè bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ ti wà nínú ìlànà, nítorí náà wáyà tó bá a mu tó. A rí i báyìí pé bàbà lè pé pérépéré, kí ìsopọ̀ má sì sí.

Àdéhùn kejì: orúkọ tí kálukú ń jẹ́

Bí ọ̀rọ̀ bá ti lè kọjá, ó kù kí a mọ ẹni tí a ń fi ránṣẹ́ sí. Lórí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tó ní ráútà, kọ̀ǹpútà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yóò kígbe béèrè àdírẹ́sì, ráútà yóò sì fún un ní ọ̀kan. Lórí wáyà tó so kọ̀ǹpútà méjì, àwọn méjèèjì ń béèrè, kò sí ẹni tó ń dáhùn. Lẹ́yìn tí kọ̀ǹpútà bá ti dúró títí tó sì sú u, yóò mú àdírẹ́sì kan fúnra rẹ̀ nínú àwọn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, yóò béèrè lójú wáyà bóyá ẹnìkan ti ń jẹ́ ẹ, bí kò bá sì sí ìdáhùn, yóò di tirẹ̀. Windows 98 ti ń ṣe èyí, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìlànà gbogbogbòò nínú RFC 3927 ní 2005. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣàkíyèsí ohun kan níbí. Ní ọ́fíìsì tó ní ráútà, àdírẹ́sì 169.254 jẹ́ àmì pé nǹkan ti dàrú, torí ó túmọ̀ sí pé kọ̀ǹpútà béèrè, ráútà kò sì dá a lóhùn. Láàárín kọ̀ǹpútà méjì tí wáyà kan so pọ̀, nọ́ńbà kan náà jẹ́ àmì pé nǹkan ń lọ déédéé.

A tún lè fún wọn ní àdírẹ́sì fúnra wa, èyí sì dára bí a bá fẹ́ kí ó má yí padà. Ẹ fún ọ̀kan ní 192.168.50.1, ẹ fún èkejì ní 192.168.50.2, kí ẹ sì kọ 255.255.255.0 sí àyè ìbòjú àwọn méjèèjì. Ìbòjú yìí ló ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé nọ́ńbà mẹ́ta àkọ́kọ́ ni orúkọ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, èyí tó kẹ́yìn sì ni orúkọ ẹ̀rọ. Bí nọ́ńbà mẹ́ta àkọ́kọ́ kò bá bára mu, kọ̀ǹpútà yóò gbà pé ojúlùmọ̀ òun kò sí lórí wáyà yìí, kò sì ní wá a níbẹ̀. Ẹ fi àyè ẹnu ọ̀nà àbájáde sílẹ̀ ní òfìfo, nítorí pé kò sí ibì kankan láti lọ lẹ́yìn kọ̀ǹpútà kejì. Ìdí tí a fi mú 50 dípò 0 tàbí 1 ni pé ọ̀pọ̀ ráútà ilé ń lo 192.168.0 tàbí 192.168.1 fún Wi-Fi wọn. Bí Wi-Fi àti wáyà bá jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà, kọ̀ǹpútà lè gba ojú afẹ́fẹ́ wá ẹni tó wà lórí wáyà. Nígbà tí gbogbo èyí bá ti tò, ẹ kọ àṣẹ «ping 192.168.50.2» lórí kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́. Bí ìdáhùn bá dé, àdéhùn kìíní àti èkejì ti fìdí múlẹ̀. Bí kò bá dé, ẹ má tíì sọ pé wáyà ló bàjẹ́, nítorí pé Windows sábà máa ń dí etí rẹ̀ sí irú ìpè yìí títí a ó fi fún un láṣẹ.

Àdéhùn kẹta: àṣẹ

Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kọsẹ̀. Ìlànà tí Windows fi ń pín fáìlì ni SMB, tí ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ wá láti ilé-iṣẹ́ IBM ní àwọn ọdún 1980. Andrew Tridgell, ará Ọsirélíà, bẹ̀rẹ̀ Samba ní nǹkan bí 1992, èyí tó jẹ́ kí Linux náà lè sọ èdè yìí, nítorí náà kò pọn dandan kí kọ̀ǹpútà méjèèjì jẹ́ irú kan náà. Ẹnu ọ̀nà 445 ni SMB ń gbà wọlé. Nígbà tí Windows bá rí wáyà tí kò ní ráútà, kò mọ irú ibi tí òun wà, yóò sì kà á sí ibi ìta gbangba, yóò ti ẹnu ọ̀nà náà. Ẹni tó ni kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ sọ fún un pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì àdáni ni. Lẹ́yìn èyí, ẹ tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún eku lórí fódà, ẹ wọ Properties, ẹ wọ Sharing, kí ẹ sì sọ ẹni tó lè kà á àti ẹni tó lè kọ nǹkan sínú rẹ̀. Ipele àṣẹ méjì ló wà: ti pínpín fódà lórí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, àti ti fáìlì fúnra rẹ̀ lórí díísìkì, èyí tó le jù nínú méjèèjì ló ń borí. Orúkọ oníṣe tí kò ní pásíwọ̀ọ̀dù kò lè gba ojú nẹ́tíwọ̀ọ̀kì wọlé bí a kò bá yí ètò Windows padà. Bí gbogbo èyí bá pé, ẹ kọ \\192.168.50.2 sí ojú àpótí àdírẹ́sì lórí kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́, fódà náà yóò sì hàn.

Ẹnì kan lè sọ pé ìdààmú tí kò nídìí ni èyí: kọ̀ǹpútà méjì lórí tábìlì kan, ti ẹnì kan náà, kí ni a tún ń fi pásíwọ̀ọ̀dù ṣe? Èsì rẹ̀ wà nínú ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017. Kòkòrò WannaCry gba inú àbùkù kan nínú ẹ̀dà àkọ́kọ́ SMB, ó ń fò láti kọ̀ǹpútà dé kọ̀ǹpútà tí ẹnu ọ̀nà 445 rẹ̀ wà ní ṣíṣí, ó ń ti fáìlì wọn pa, ó sì ń béèrè owó ìtúsílẹ̀. Ó dá iṣẹ́ dúró ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwòsàn ìjọba ní Britain, bẹ́ẹ̀ Microsoft ti pèsè àtúnṣe àbùkù náà láti oṣù Kẹta. Kọ̀ǹpútà tí a ti ògiri ààbò rẹ̀ wó lulẹ̀ nítorí wáyà oníṣẹ́jú mẹ́wàá lónìí lè wà lórí Wi-Fi ilé-ìtura lọ́la pẹ̀lú ilẹ̀kùn kan náà ní ṣíṣí. Nítorí náà, ẹ má pa ògiri ààbò. Ẹ kàn ṣí ẹnu ọ̀nà náà fún nẹ́tíwọ̀ọ̀kì àdáni, kí ẹ sì dá pínpín fódà dúró bí iṣẹ́ bá ti parí.

Ohun tí ìṣirò sọ

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà wọn àǹfààní gbogbo wàhálà yìí. Ká ní gígábáìtì 50 ni a fẹ́ kó, bíi fọ́nrán fídíò tí a kò tíì gé. Wáyà onígígábíìtì kan ń gbé mẹ́gábáìtì 125 láàárín ìṣẹ́jú àáyá lórí ìwé. Ìdì kan lórí Ethernet ń gbé báìtì 1,500. 40 nínú rẹ̀ lọ sí àkọlé IP àti TCP, ó ku 1,460 fún fáìlì. Báìtì 38 mìíràn tún ń gba ojú wáyà fún ìkéde, orúkọ olùfiránṣẹ́ àti olùgbà, àyẹ̀wò àṣìṣe àti àlàfo. 1,460 nínú 1,538 jẹ́ nǹkan bí ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tó fún wa ní mẹ́gábáìtì 118. Gígábáìtì 50 yóò wá gba nǹkan bí ìṣẹ́jú méje. Bí ihò kan nínú méjèèjì bá jẹ́ ti mẹ́gábíìtì 100, yóò gba wákàtí kan ó lé díẹ̀. Lórí wáyà àtijọ́ oníbíìtì 115,200, yóò gba àádọ́ta ọjọ́. Fífi ránṣẹ́ sókè lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń gbé mẹ́gábíìtì mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú àáyá yóò gba wákàtí mọ́kànlá, lẹ́yìn náà ni ẹni kejì yóò tún gbà á sílẹ̀, owó dátà yóò sì lọ lẹ́ẹ̀mejì. Ìṣirò yìí ní ààlà tirẹ̀. Díísìkì tó ń yí lè má lè ka fáìlì yá tó bí wáyà ṣe ń sáré. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́tò kéékèèké sì máa ń pẹ́ ju fáìlì ńlá kan tó wúwo tó wọn lọ, torí pé àwọn kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ ṣí, kí wọ́n gba àṣẹ, kí wọ́n sì ti ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó sàn kí a kọ́kọ́ dì wọ́n sínú fáìlì kan.

Àwọn tó fẹ́ràn fíláàṣì yóò sọ pé tiwọn rọrùn jù, wọn kò sì parọ́ bí ẹrù bá kéré. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ni fíláàṣì ń ṣe iṣẹ́ kan, kíkọ àti kíkà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a tò ní ìlànà FAT32, tí kò gba fáìlì kan ṣoṣo tó bá tó gígábáìtì mẹ́rin. Fíláàṣì sì wà lára ọ̀nà tí kòkòrò Conficker àti Stuxnet gbà tàn kálẹ̀. Àwọn tó fẹ́ràn Wi-Fi yóò sọ pé kò sí wáyà tí yóò dí wọn lọ́wọ́. Òótọ́ ni, àmọ́ fáìlì tó gba inú ráútà Wi-Fi ń fò lójú afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, láti kọ̀ǹpútà dé ráútà àti láti ráútà dé kọ̀ǹpútà, gbogbo ẹni tó wà nítòsí sì jọ ń pín ojú afẹ́fẹ́ náà. Àtakò tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù ni pé ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká tuntun kò ní ihò Ethernet mọ́. Ẹ̀rọ ìbáṣepọ̀ kékeré tó ń yí ihò USB sí ti Ethernet yanjú ìyẹn, bí ó bá ti jẹ́ ti USB 3; ihò USB 2.0 kò kọjá mẹ́gábíìtì 480 lórí ìwé, nítorí náà kò lè gbé gígábíìtì kan. Bí kọ̀ǹpútà bá sì di mẹ́ta, tàbí tí ọ̀nà bá ju mítà 100 lọ, wáyà kan kò tó mọ́. Suwíìṣì tàbí íntánẹ́ẹ̀tì ló kàn.

Ìdájọ́ wa ni pé wáyà tààrà ló yẹ ní yíyàn nígbà tí ẹrù bá wúwo, tí kọ̀ǹpútà méjèèjì bá wà nítòsí, tí dátà bá wọ́n tàbí tí kò bá sí rárá. Bí ó bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́, ẹ yẹ àdéhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò bí wọ́n ṣe tò: iná ihò wáyà fún èkíní, àdírẹ́sì fún èkejì, àṣẹ fún ẹ̀kẹta. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ìkẹta yóò máa yí pásíwọ̀ọ̀dù padà nígbà tí orí wáyà kò tíì wọlé dáadáa.

Ìbéèrè

1. Kọ̀ǹpútà kan ń jẹ́ 192.168.50.1, èkejì ń jẹ́ 192.168.60.2, ìbòjú àwọn méjèèjì sì jẹ́ 255.255.255.0. Ẹ ṣàlàyé ìdí tí wọn kò fi ní ríra wọn, kí ẹ sì ṣe àtúnṣe rẹ̀.
2. Ẹ ṣírò iye àkókò tí gígábáìtì 20 yóò gbà lórí wáyà mẹ́gábíìtì 100, kí ẹ lo ìdá 95 tí a rí lókè.
3. Kí ló fà á tí wáyà USB olórí fífẹ̀ méjì kò fi lè kó fáìlì, nígbà tí wáyà Ethernet lè ṣe é?
4. Ẹ so kọ̀ǹpútà méjì pọ̀ ní yàrá ìdánwò, ẹ kó fódà kan kọjá, kí ẹ sì kọ àbájáde yín sílẹ̀ lábẹ́ àdéhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ rántí láti dá pínpín fódà dúró kí ẹ tó yọ wáyà.